Ṣọ́ọ̀kì Lára Ògiri: Bí Mo Ṣe Wọn Ajá Mi Títí Ó Fi Dàgbà

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹta ọdún 2024, ajá mi kúrú sí i. Íǹṣì mẹ́tàlá ni mo kọ sínú ìwé ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Lọ́jọ́ yẹn, téèpù kan náà, ọwọ́ kan náà, ajá kan náà, íǹṣì mọ́kànlá àti díẹ̀ ni mo bá. Mo tún un wọ̀n. Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi bá mi di orí rẹ̀ mú, mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kẹta, ó di méjìlá àbọ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi wò mí lójú, ó ní, "Àǹtí, àbí ó ń yọ́ ni?"

Iṣẹ́ télọ̀ ni mo ń ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí téèpù ti ń gbé ọrùn mi. Bí oníbàárà bá wọlé, kó tó jókòó, mo ti mọ ibi tí bùbá rẹ̀ máa há a. Èmi tí mò ń wọn gbogbo àdúgbò wá dúró níwájú ọmọ ajá tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta, n kò mọ ohun tí mò ń wọ̀n mọ́. Ojú tì mí.

Olè ló sọ mí di alájá. Ní ìparí ọdún 2023, wọ́n já ágádágodo ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n kó léèsì oníbàárà mẹ́ta lọ, mo sì san owó gbogbo rẹ̀. Oníbàárà mi kan tó ń gbé ní Ṣágámù ló sọ pé ajá Labrador àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, pé kí n wá mú ọ̀kan. Iye tí mo san, n kò ní kọ ọ́ síbí, torí Màámi mọ ìwé kà. Mo gbé e délé ní ọ̀sẹ̀ tó parí oṣù kejì, ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ géérégé. Àwọ̀ rẹ̀ dà bíi gàrí tí wọ́n fi epo díẹ̀ yan, kì í ṣe gàrí Ìjẹ̀bú tiwa tó funfun.

Ẹni tó bá ti sin Labrador rí á ti máa rẹ́rìn-ín báyìí. Labrador kọ́ ni ajá tí ń lé olè. Ọ̀dọ̀ àwọn apẹja ní Newfoundland, lórílẹ̀-èdè Kánádà, ni ìran wọn ti ṣẹ̀, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló wá kó wọn lọ sílé, wọ́n ń fi wọ́n gbé ẹyẹ tí wọ́n bá yìnbọn pa. Iṣẹ́ tó wà lára wọn ni kí wọ́n lọ gbé nǹkan wá fún ọ. Bí olè bá tún já ṣọ́ọ̀bù mi, tèmi á bá a gbé àpò dé ẹnu ọ̀nà ni. Àmọ́ n kò tíì mọ ìyẹn nígbà náà.

Màámi kò fẹ́ ẹ. Alhájà ni wọ́n, wọ́n sì ti sọ ọ́ kí n tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ pé ajá kò gbọdọ̀ dé ìdí ẹní ìkírun wọn, kò sì gbọdọ̀ fi ẹnu kan ohun tí àwọn ń lò. Ẹ̀yìnkùlé ni ààyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn náà ló sọ ọ́ lórúkọ. Ní agboolé tí wọ́n dàgbà sí, orúkọ ajá ni wọ́n fi ń bá aládùúgbò sọ̀rọ̀. O kàn máa pe ajá rẹ ni, ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn á gbọ́. Wọ́n wo ọmọ ajá náà, wọ́n wo ilé kejì, wọ́n ní, "Tanímọ̀la ni kó máa jẹ́." N kò bi wọ́n léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn àti ilé kejì.

Ẹni tó ta ajá fún mi ló ní kí n máa wọ̀n ọ́n lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ó ní ọmọ ajá kò lè sọ pé inú ń run òun, ìwọ̀n ló máa bá a sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo ra ìwé tuntun, mo fa ìlà sí i bí mo ṣe ń fà á fún ìwọ̀n oníbàárà: ọjọ́, kílò, gíga, ohun tó jẹ. Ọjọ́ àkọ́kọ́: kílò 4.6, íǹṣì mẹ́wàá. Ó mọ́ tónítóní lójú ìwé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí àṣìṣe mi wà, torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ló ń ṣe é. Téèpù télọ̀, ara ló ń tẹ̀ lé. Bí ìdí bá yọ, téèpù á yọ pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tí a ra á fún nìyẹn. Mo wá ń fi téèpù yìí tẹ̀ lé ẹ̀gbẹ́ ajá láti èékánná dé òkè, tó bá mí mí sínú, gíga rẹ̀ á pọ̀ sí i. Tó bá yó, á tún ga. Ní ọ̀sẹ̀ kan mo wọ̀n ọ́n dé àárín orí, ní ọ̀sẹ̀ kejì mo wọ̀n ọ́n dé ẹ̀yìn ọrùn. Ajá tí ń gbé orí sókè torí ó gbọ́ òórùn ẹja, báwo ni gíga orí rẹ̀ ṣe fẹ́ dúró lójú kan?

Káfíńtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ló yọ mí. Ó jókòó sórí àga rẹ̀, ó ń wò mí, nígbà tó sú u, ó dìde. Ó ní, "Àǹtí, ẹ gbé aṣọ yẹn kúrò lọ́wọ́." Téèpù ló ń pè láṣọ. Ó mú ajá dúró ti ògiri, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nílẹ̀ dáadáa, ó mú pákó pẹlẹbẹ kan, ó tẹ́ ẹ sí ibi tí egungun èjìká méjèèjì ti pàdé, níbi tí ọrùn parí sí tí ẹ̀yìn ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti etí pákó náà mọ́ ògiri, ó mú ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì aṣọ, ó fà á ní ẹ̀ẹ̀kan. Ajá kúrò níbẹ̀, ó ń ju ìrù. Káfíńtà gbé rúlà onírin rẹ̀ láti ilẹ̀ dé ìlà náà: íǹṣì méjìlá àti ìdá kan nínú mẹ́rin. "Iye tó jẹ́ nìyẹn," ó ní, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ni ògiri ṣọ́ọ̀bù mi ti di ìwé. Lọ́jọ́ Sátidé kọ̀ọ̀kan, ìlà kan, pẹ̀lú déètì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo wá mọ̀ pé gbogbo ibi tí wọ́n ti ń sọ gíga ajá lágbàáyé, èjìká yẹn ni wọ́n ń sọ, wọn kì í ka orí mọ́ ọn.

Ti kílò tún ní wàhálà tirẹ̀. Òṣùwọ̀n kékeré tí ènìyàn ń dúró lé ni mo rà. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé kí n kọ́kọ́ wọn ara mi, kí n wá gbé ajá dání, kí n tún gùn ún, kí n yọ tèmi kúrò nínú àpapọ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gùn ún, mo wo iye tó kọ, mo sọ̀ kalẹ̀, mo gbé òṣùwọ̀n náà kúrò lórí kápẹ́ẹ̀tì lọ sórí sìmẹ́ńtì, ó fi díẹ̀ lé e, ó di 78.4. Mo gba kámú. Ilẹ̀ tó le ló yẹ kó máa wà kí a tó lè gbà á gbọ́, àmọ́ ó dùn mí.

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yẹn ní nǹkan bí ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta. Èmi tí n kì í fẹ́ fi àkókò ṣòfò, mo ti ń lo 78.4 yẹn láti fi ṣe ìyọkúrò láìtún ara mi wọ̀n mọ́. Nígbà tí ààwẹ̀ fi máa tó parí, ìwé mi fi hàn pé Tanímọ̀la ti fi ohun tó lé ní kílò kan rù láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ti ń múra láti gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran nígbà tí ọmọ iṣẹ́ mi ní kí n tún ara mi wọ̀n ná. 76.1. Ajá kò rù rárá, èmi ni mo rù. Inú mi dùn lọ́nà méjì lọ́jọ́ náà.

Ṣùgbọ́n ìgbà kan wà ṣáájú ìyẹn tí òṣùwọ̀n sọ òtítọ́ tí n kò sì fẹ́ gbà á gbọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ kẹjọ sí ìkẹwàá, láti 4.6, kílò 4.9 péré ló bọ́ sí. Ọmọ Labrador tó wà ní ọjọ́ orí yẹn lè fi nǹkan bíi kílò kan kún lọ́sẹ̀ kan. Mo wo ikùn rẹ̀, ikùn náà rí rogodo bí ìlù, mo ní, "Ajá tó yó báyìí, kí ló ń ṣe é?" Màámi náà ní ara rẹ̀ yá. Ikùn yẹn ló tàn wá. Nígbà tí dókítà ẹran fọwọ́ kàn án, kò pẹ́ lára rẹ̀ rárá: ikùn wú, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn gbẹ, irun rẹ̀ kò sì dán. Aràn ni. Ó fún un lóògùn, lọ́jọ́ kejì ni mo rí ohun tó yàgbẹ́ rẹ̀, n kò ní ṣàpèjúwe rẹ̀ fún ẹni tó bá ń jẹun lọ́wọ́. Dókítà ní ọmọ ajá lè ti inú ìyá rẹ̀ kó aràn wáyé tàbí kó mu ún nínú ọmú, pé láti ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n bí i ló ti yẹ kí ó máa lo oògùn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì-méjì títí á fi pé oṣù mẹ́ta. Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ méjìlá, ó ti wọn kílò 7.1. Òṣùwọ̀n ti sọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì kí ojú mi tó rí i.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá gba òṣùwọ̀n gbọ́ ju bó ti yẹ lọ. Ó di pé mo fẹ́ kó máa ga ṣáá.

Bàbá kan wà lẹ́yìn ilé wa tó ní ajá Boerboel, ajá tí orí rẹ̀ tó ìkòkò ìṣaasùn. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń kọjá, wọ́n á dúró, wọ́n á wo Tanímọ̀la, wọ́n á ní, "Èyí ṣì wà báyìí?" Bó ṣe ń wọ̀ mí lára tó, bẹ́ẹ̀ ni mò ń bu kún oúnjẹ. Mo mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni ìran Boerboel, ọ̀tọ̀ ni Labrador. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ̀ pé aṣọ ẹni tó sanra kò lè bá ẹni tó pẹ́lẹ́ńgẹ́ mu. Síbẹ̀ mò ń bu kún un. Bàbá náà tún ní kí n ra oògùn kálísíọ̀mù fún un kí egungun rẹ̀ lè gbó, mo rà á, ìgò ńlá.

Ọ̀sẹ̀ kẹrìndínlógún, kílò 12.6, íǹṣì mẹ́rìndínlógún. Ogún ọ̀sẹ̀, kílò 17.4, íǹṣì méjìdínlógún. Ó ń lọ dáadáa títí ibẹ̀. Oṣù kẹfà wá dé.

Ẹni tó bá mọ Ìjẹ̀bú-Òde mọ ohun tí oṣù Iléyá jẹ́ fún télọ̀. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, gbogbo régbérégbé ló ń jáde wá kí Awùjalẹ̀, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú aṣọ tirẹ̀, kò sì sí ẹgbẹ́ tó fẹ́ kí aṣọ òun rẹlẹ̀ sí ti ẹgbẹ́ kejì. Ní ọdún 2024 yẹn, ẹgbẹ́ méjì ló gbé aṣọ wá fún mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko ni mo fi sùn sórí máṣíìnì. Ògiri kò rí ìlà, ìwé kò rí kílò. Ajá ń ti ẹ̀yìnkùlé wá wò mí, mo ń sọ pé kí ẹnìkan bá mi fún un ní oúnjẹ. Ibi tí mo ti ṣẹ̀ nìyẹn: mo ní "ẹnìkan". Ènìyàn mẹ́fà ló wà nínú ilé, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni "ẹnìkan". Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi fún un láàárọ̀, ọmọ àbúrò mi fún un lọ́sàn-án, àwọn àlejò ọdún ń ju ẹran sí i. Iléyá bọ́ sí ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù náà, ẹ sì mọ̀ pé nílé tí wọ́n bá ti pa àgbò, ajá kì í gbààwẹ̀.

Nígbà tí mo ráyè wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ọdún, n kò lè gbé e mọ́. Ọmọ iṣẹ́ mi ọkùnrin ló gbé e gun òṣùwọ̀n, àwa méjèèjì ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kílò 24.8. Ó ti fi ohun tó lé ní kílò méje kún láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ohun tó sì fi ga sí i fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju íǹṣì méjì lọ. Mo yọ̀ o. N kò purọ́ fún yín, mo yọ̀. Mo tilẹ̀ jáde lọ sọ fún bàbá oní-Boerboel.

Ní ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀ ni ó dìde láàárọ̀ tí kò fi ẹsẹ̀ iwájú òsì tẹ ilẹ̀ dáadáa.

Dókítà ẹran yẹn, ọ̀dọ́kùnrin ni, ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè. Ó wo ẹsẹ̀, ó tẹ oríkèé kọ̀ọ̀kan, ó mú un rìn lọ, ó mú un rìn bọ̀. Kò sí ẹ̀gún, kò sí ibi tó kán. Ó wá ní kí n gbé ọwọ́ mi wá. "Ẹ di ìkúùkù, ẹ fi ìka ọwọ́ kejì fa orí oríkèé yẹn." Mo fà á. "Bí egungun ìhà ajá bá rí báyìí lábẹ́ ọwọ́ yín, ó rù jù. Ẹ tẹ́ ọwọ́ náà, kí ẹ fa ẹ̀yìn rẹ̀." Mo fà á, mo ń gbọ́ egungun náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lábẹ́ awọ. "Ibi tí a fẹ́ nìyẹn. Ó yá, ẹ yí àtẹ́lẹwọ́ sókè, ẹ fa ibẹ̀." N kò rí egungun kankan gbọ́. Ó gbé ọwọ́ mi lé ìhà Tanímọ̀la. Àtẹ́lẹwọ́ ni.

Ó ní àwọn ń fi nọ́ńbà 1 dé 9 sọ bí ajá ṣe rù tàbí bó ṣe sanra tó, pé 4 sí 5 ló dáa, 7 ni ajá tèmi. Mo ní, "Dókítà, ó ṣì kéré, ó ń dàgbà ni." Ó ní ìdí tó fi burú gan-an nìyẹn. Ìpẹ̀kun egungun ọmọ ajá ṣì rọ̀, láti ibẹ̀ ló ti ń gùn, kì í sì í le tán títí á fi tó nǹkan bí ọdún kan. Tí ẹran bá ti wúwo lé e lórí ṣáájú, tó tún ń sáré lórí táìlì, oríkèé á máa jẹ ìyà. Labrador sì wà nínú àwọn tí ìdí àti ìgbúnwọ́ wọn ti máa ń ní ìṣòro tẹ́lẹ̀. Mo yọ ìgò kálísíọ̀mù láti inú báàgì, mo ní mo ń gbìyànjú láti ràn án lọ́wọ́. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, kò dá a padà. Ó ní oúnjẹ ọmọ ajá inú àpò tí mò ń fún un ti ní ìwọ̀n kálísíọ̀mù tó yẹ, pé ara ọmọ ajá kò mọ bó ṣe máa kọ èyí tó pọ̀ jù, pé àpọ̀jù rẹ̀ lè ba egungun ajá ńlá jẹ́ bí àìtó ṣe lè bà á jẹ́.

Mo ní, "Ṣùgbọ́n ebi máa ń pa á. Tó bá jẹ tán, á tún máa wò mí." Dókítà rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ní ní ọdún 2016, àwọn olùwádìí ní Cambridge nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí i pé nínú Labrador mẹ́rin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọ̀kan ní àbùkù lára jíìnì kan tí wọ́n ń pè ní POMC, èyí tó ń kó ipa nínú bí ọpọlọ ṣe ń mọ̀ pé ikùn ti yó. "Tirẹ̀ lè wà lára wọn, ó lè má sí. Bó ti wù kó jẹ́, ẹ má fi ojú rẹ̀ wọn oúnjẹ." Ó tún sọ ti ìwádìí kan tó jáde ní 2002, tí wọ́n ti fi Labrador 48 ṣe é láti kékeré títí wọ́n fi kú. Wọ́n pín wọn ní méjì-méjì, ọmọ ìyá kan náà. Ọ̀kan ń jẹ, èkejì ń jẹ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ohun tí èkíní jẹ. Àwọn tó jẹ níwọ̀n gbé láyé fún nǹkan bí ọdún mẹ́tàlá, àwọn yòókù fún ọdún mọ́kànlá àti díẹ̀. Nǹkan bí ọdún méjì ló wà láàárín wọn, oúnjẹ nìkan ló sì fà á.

Mo dákẹ́. Mo rántí gbogbo kílò méje tí mo lọ fi yangàn lẹ́yìn ilé.

A bẹ̀rẹ̀ sí í fi agolo mílíìkì wọn oúnjẹ rẹ̀, láàárọ̀ àti lálẹ́, èmi nìkan ló sì ń bù ú. Mo kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé: "TANÍMỌ̀LA TI JẸUN. Ẹ MÁ FÚN UN." Kò ní sáré, kò ní fò láti orí àtẹ̀gùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kì í ṣe kí ó rù lójijì ni dókítà fẹ́ o, ó ní kí a jẹ́ kó dúró sójú kan ná, kí gíga rẹ̀ lé ẹran ara rẹ̀ bá. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ó wà ní 24.8. Ọ̀sẹ̀ kejì, 25.3.

Kò yé mi. Mo ka agolo. Mo ṣọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́. Mo tún òṣùwọ̀n gbé sórí sìmẹ́ńtì mìíràn. Mo ti gbọ́n tó láti máa wọ̀n ọ́n láàárọ̀ kó tó jẹun, lẹ́yìn tó bá ti tọ̀ tó sì ti yàgbẹ́, torí mo ti rí i pé ajá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ tó sì mu omi lè fi kílò kan ju ara rẹ̀ lọ. Síbẹ̀ 25.3.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun ìṣáà, mo jáde lọ ká aṣọ lórí okùn. Màámi jókòó sórí àpótí ní ẹ̀yìnkùlé, abọ́ ìkọ́kọrẹ́ wà lórí ẹsẹ̀ wọn, ìkọ́kọrẹ́ ewùrà tó ní ẹja díndín nínú. Tanímọ̀la jókòó síwájú wọn bí ọmọ ilé kéú. Wọ́n bu ìṣù kan, wọ́n fẹ́ ẹ títí ó fi tutù, wọ́n jù ú. Kò jẹ́ kó balẹ̀. Wọ́n ń sọ fún un pé, "Wọ́n fẹ́ fi ebi pa ọ́. Ṣé o rí wọn? Wọ́n fẹ́ fi ebi pa ọ́." Màámi tí kò fẹ́ ajá.

N kò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Lọ́jọ́ kejì mo gbé ìwé lọ bá wọn, mo fi ìlà tó ń gòkè hàn wọ́n, mo sì ṣàlàyé pé àlùbọ́sà inú ìkọ́kọrẹ́ nìkan, májèlé ni fún ajá, ó ń ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Kílò kò ká wọn lára rárá. Àlùbọ́sà ló dẹ́rù bà wọ́n. Wọ́n ní, "Kí ló dé tí o kò ti sọ bẹ́ẹ̀ látijọ́?" Láti ìgbà yẹn, tí wọ́n bá fẹ́ fún un ní nǹkan, kùkúńbà ni, tàbí kárọ́ọ̀tì tí wọ́n gé wẹ́wẹ́. Ó gbà á. Labrador ni, ó máa gba pákó tó o bá fi ìfẹ́ fún un.

Ọ̀sẹ̀ kejìdínlọ́gbọ̀n, kílò 24.1, íǹṣì mọ́kànlélógún. Ẹsẹ̀ ti san pátápátá. Ohun tí mo wá kọ́ láti máa wò ni ìlà méjèèjì pọ̀: bí kílò bá ń gòkè tí gíga kò sì mira, mo máa ń fọwọ́ kan ìhà kí n tó yọ̀ tàbí kí n tó bẹ̀rù. Lọ́dún yẹn, nígbà tí eégbọn kó bá a nínú oṣù kẹwàá, òṣùwọ̀n tún ló kọ́kọ́ sọ ọ́: kílò kan àti ààbọ̀ lọ láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, kó tó di pé ó kọ oúnjẹ, kó tó di pé gọ́ọ̀mù ẹnu rẹ̀ funfun. Dókítà ní ibà eégbọn ni, a tètè débẹ̀. Ìyẹn nìkan tó owó òṣùwọ̀n.

Mo ní láti sọ ti àwọn tó ń ra irin àlòkù. Nígbà tí ajá kọjá kílò 27, kò sí ẹni tó lè gbé e dúró jẹ́ẹ́ mọ́, ilé dókítà sì jìnnà. Mo rántí pé àwọn tó ń ra irin lọ́nà Ìbàdàn ní òṣùwọ̀n ńlá tó wà nílẹ̀. Mo mú un lọ. Mo ní kó jókòó, ó jókòó sáàárín òṣùwọ̀n, ó ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀, ó ń kí gbogbo ayé. Ọ̀gá ibẹ̀ wo nọ́ńbà, ó wo ajá, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Àǹtí, kílò yìí dáa o. Ti ọdún Ògún ni? Èló lẹ fẹ́ gbà?" Mo fa ajá mi sọ̀ kalẹ̀ kíá. Ó kàn ń ṣàwàdà ni, ó ní kí n máa bọ̀ nígbàkígbà. Mo ṣì ń lọ, àmọ́ n kì í tú okùn sílẹ̀.

Ní ìgbà tó pé ọdún kan, ó ga ní íǹṣì 22.5, ó sì wọn kílò 30.4. Ìlà tó wà lára ògiri lọ́jọ́ náà, orí rẹ̀ náà ni mo tún fa ti oṣù kejìdínlógún sí. Gíga ti parí, àyà àti ọrùn ló ṣẹ̀ ń kún. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní kí akọ Labrador wà láàárín íǹṣì 22.5 sí 24.5, kílò 29 sí 36, kí abo kéré sí i. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní sẹ̀ntímítà 56 sí 57 tó fún akọ. Tanímọ̀la kan wọlé lẹ́nu ọ̀nà, bí aṣọ tí mo gé tó ku bíńtín kó há. Nígbà tó pé oṣù méjìdínlógún, kílò 31.8, egungun ìhà rẹ̀ sì rí bí ẹ̀yìn ọwọ́ mi gẹ́lẹ́. Bàbá oní-Boerboel ṣì ń kọjá. Wọ́n ní, "Èyí ti dúró síbẹ̀ nìyẹn?" Mo ní, "Ó ti dúró síbẹ̀, sà."

N kò fi dandan wọ̀n ọ́n lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ mọ́, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni. Sátidé tó kọjá la wọ̀n ọ́n gbẹ̀yìn. 32.6. Mo wo ìwé, mo wo Màámi. Màámi ń wo fáànù tó wà lókè, ó sì ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí kò sí iná.